Fídíò, áàpù, gúrúùpù tàbí olùdámọ̀ràn: èwo lẹ máa mú fún ẹni tí ìdààmú ọkàn ti sún dé bèbè?

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan lápá Ẹ̀bùtẹ́ wá bá mi nílé ìwé ní Wẹ́sìdeè kan. Ó kọ́kọ́ béèrè owó WAEC, ó béèrè ìgbà tí táàmù máa parí, ó ní òòrùn ọdún yìí le. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òòrùn ló gbé e wá. Nígbà tó yá ló fa fóònù yọ nínú tòbí, ó ní ọmọ òun obìnrin ti ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì ti sọ fún òun pé wọ́n ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí èèyàn ṣe lè fara da ìdààmú láìfọwọ́ kan ara rẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi mú èyí tó dáa níbẹ̀. Wọ́n ti pọ̀ jù fún mi."

Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe olùdámọ̀ràn nílé ìwé girama ní Ìkòròdú, kò sì sí táàmù kan tí ẹnì kan kì í bi mí ní irú ìbéèrè yìí: òbí, ọmọ fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASUSTECH tó ti jáde lọ́wọ́ mi. Mo ti wo ọ̀pọ̀ nínú wọn, mo sanwó fún méjì, mo sì kábàámọ̀ ọ̀kan. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ tò síbí.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lálẹ́ òní gan-an ni ọkàn yín ń sọ pé kí ẹ gbẹ̀mí ara yín, ẹ má ka ìfiwéra kankan. Ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, ẹ jí ẹni tó sùn nítòsí, kí ẹ sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ẹ ṣì máa bá ìwé yìí níbí lọ́la.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni gan-an

Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ obìnrin ará Amẹ́ríkà kan ló ti ṣẹ̀ wá, Marsha Linehan, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Washington nílùú Seattle. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìlànà ìwòsàn rẹ̀ ni DBT (Dialectical Behavior Therapy). Lọ́dún 1991 ló gbé ìwádìí tó fi hàn pé ìlànà náà ń dín ṣíṣe ara ẹni léṣe kù jáde. Lọ́dún 2011 ló wá sọ ní gbangba pé òun náà ti la irú ìrora bẹ́ẹ̀ kọjá nígbà ọ̀dọ́ òun. Mo máa ń sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, torí wọ́n rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ ò rí nǹkan rí ló ń kọ irú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọ̀nà mẹ́rin ló pín ọgbọ́n náà sí: kí ọkàn wà níbi tí ara wà, kí á mọ bí a ṣe ń bá èèyàn lò láìgbàgbé ara wa, kí á mọ bí a ṣe ń tu ìmọ̀lára lójú, àti ìfaradà ìdààmú. Ìkẹyìn yìí ló kàn wá jù. Kò ṣèlérí pé ìbànújẹ́ á lọ. Ohun tó ń sọ ni pé èrò àtiṣe ara ẹni léṣe dà bí ìgbì lójú ọ̀sà wa yìí: á wú, á ga, á sì wálẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ẹni ni pé kí ìgbì náà má bá wa níbi tí a ti máa ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe.

Mo fi ọ̀kan hàn wọ́n nínú kíláàsì lọ́jọ́ kan. Mo rán ọmọ kan ní píọ̀ wọ́tà tútù lẹ́nu géètì. Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ gbé ọ̀rá omi náà lé ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ sé èémí fún ìwọ̀n tí ẹ fi máa ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n. Ara á rò pé a ti wọ omi, àyà tó ń lù kìkìkì á sì rọra máa lù. Ẹni tó ní àrùn ọkàn kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Ọmọkùnrin tó máa ń pariwo jù nínú kíláàsì náà ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ó mà ṣiṣẹ́ o." Ó fi eyín ya ọ̀rá náà, ó mu ún.

Òmíràn ni mímí: ẹ fa èémí sínú fún ìwọ̀n mẹ́rin, ẹ tú u síta fún ìwọ̀n mẹ́fà, kí ìtúsíta máa gùn ju ìfàsínú lọ. Bí ẹ ṣe kà á yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ká mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án yàtọ̀ sí ká rántí rẹ̀ ní aago kan òru nígbà tí ọkàn ti dàrú. Ibẹ̀ ni gbogbo ìfiwéra yìí dá lé.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ètò yòówù kó jẹ́ ni: bí ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ò bá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa mọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sẹ́ni", ètò náà ṣì lè wúlò, ṣùgbọ́n a ò gbọ́dọ̀ gbé ẹni tó wà nínú ewu lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wò bóyá wọ́n ń fi í dánra wò tàbí wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀. A kì í ti ẹnu kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn. Ètò tó dáa á ní kí ẹ ṣe é lójú wọn, á fún yín níṣẹ́ lọ sílé, á sì bi yín lọ́sẹ̀ kejì bó ṣe rí.

Owó ńkọ́? Ẹ má ka owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan. Wákàtí kan lórí Zoom pẹ̀lú fídíò lè jẹ dátà bíi GB kan. Bí ẹ bá pa fídíò tí ẹ sì fi ohùn nìkan ṣe é, kò ní tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ẹ tún ro iná mọ̀: fóònù tó kú ní aago mọ́kànlá òru kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ti àṣírí le ní àdúgbò wa. Nínú ilé oníyàrá méjìlá tí ẹnu ọ̀nà kọjú síra, tí èèyàn márùn-ún sì ń sùn nínú yàrá kan, níbo ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti fẹ́ sọ fún ẹnì kan lórí fóònù pé ayé sú òun? Àwọn tí mo mọ̀ máa ń lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sórí òkè ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ìyẹn náà léwu tirẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká jọ wá ibi tó dáa fún wọn.

Èdè náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wa sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná kì í ké ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó máa sọ ni "ó ti sú mi", "inú mi ń ru", "ó sàn kí n kúrò ńlẹ̀". Olùkọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbọ́ "ó ti sú mi" kó rò pé àárẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ní òwe kan tí a máa ń sọ láìronú, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó sì fi í dá mi lóhùn bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sí kóòtù. Olùkọ́ tó mọ òwe náà ló máa mọ bí òun ṣe máa dá a lóhùn. Èmi ní, "Ta ló rí ọ tó fi ọ́ ṣẹ̀sín? Dárúkọ wọn fún mi." Orúkọ méjì péré ló rí dá, ọ̀kan nínú wọn sì ti kó lọ sí Ìbàdàn.

Ìkẹyìn ni ẹni tó ń kọ́ni. Dókítà ọpọlọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń ṣe alábòójútó rẹ̀. Ẹni tó bá bínú torí pé ẹ béèrè, ẹ ti rí ìdáhùn.

Fídíò ọ̀fẹ́

Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ní ìkànnì kan lórí YouTube tí wọ́n ń pè ní DBT-RU. Àwọn fídíò kúkúrú ló wà níbẹ̀, ọgbọ́n kan nínú fídíò kan, àwọn tó sì ṣe wọ́n mọ iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn wọn. Ẹ lè wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ lè dín bí àwòrán ṣe mọ́ kù kó má jẹ dátà, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè orúkọ yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìwé aláwòrán kan jáde lọ́dún 2020 lórí bí a ṣe ń fara da ìnira, ọgbọ́n márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ tí ẹ lè máa gbọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé á rí àwòrán wò.

Ibi tí àléébù rẹ̀ wà nìyí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan, tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2022. Èèyàn 18,882 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ti sọ fún dókítà tẹ́lẹ̀ pé àwọn máa ń ro àtikú. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa gba ìtọ́jú wọn lọ bó ṣe wà. Wọ́n fi òṣìṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò wọn látìgbàdégbà lọ àwọn kan. Ẹgbẹ́ kẹta ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ kúkúrú lọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọgbọ́n DBT mẹ́rin péré, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ gbà wọ́n níyànjú. Láàárín oṣù méjìdínlógún, àwọn tó ṣe ara wọn léṣe nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 3.92 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́, 3.27 ni. Nínú àwọn tí wọn ò fi ohunkóhun kún ìtọ́jú wọn, 3.10 ni.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ lọ̀ ló burú jù, kódà òṣìṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò náà, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun náà ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣiṣẹ́ jù, kò yí nǹkan padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó dùn mí, torí mo ti ń pín líǹkì fídíò kiri bí ẹni ń pín búrẹ́dì. DBT tó péye kì í ṣe ọgbọ́n mẹ́rin tí wọ́n gé kúrú: olùwòsàn ń rí ẹni náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kíláàsì ọgbọ́n wà lọ́tọ̀, ẹni tí wọ́n lè pè nígbà ìṣòro wà, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún kan. Bẹ́ẹ̀, nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kọ̀ọ́ yẹn, àwọn tó tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò ju 39 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ti wà nínú ewu, láìsí èèyàn gidi tó dúró tì í, kì í ṣe ìtọ́jú. Láti ìgbà náà n kì í fi líǹkì nìkan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá fi ránṣẹ́, mo máa pè.

Áàpù

Calm Harm ni mo mọ̀ jù. Àjọ aláàánú kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, stem4, ló ni ín. Inú ọgbọ́n DBT ni wọ́n ti mú un, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, á sì fún yín ní iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe fún ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí ìgbì á fi wálẹ̀. Fún ọmọ tó ní fóònù tirẹ̀, ó dáa. Fún ọmọ tó ń lo fóònù ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyá mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n má wá yọ ọ́ kúrò pẹ̀lú àwọn géèmù.

Ní ti ìbéèrè mi àkọ́kọ́, áàpù kò ní pe ẹnikẹ́ni bí ẹ ò bá ṣí i. Mo ń kà á mọ́ ohun èlò, bí tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ìrọ̀rí.

Gúrúùpù WhatsApp àti Telegram

Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sanwó fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kan tí wọ́n polówó pẹ̀lú àwòrán ìwé ẹ̀rí. N kò ní dárúkọ wọn. Èèyàn tó wà nínú gúrúùpù náà lé ní irínwó. Olùkọ́ máa ń fi ohùn ránṣẹ́ láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ tó mọ́ lórí, gbogbo wa á fi ọwọ́ àdúrà àti ọkàn pupa dáhùn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jí ní aago méjì ààbọ̀ torí iná dé, fáànù sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo gbé fóònù. Ẹnì kan ti kọ ọ̀rọ̀ sínú gúrúùpù ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú méje: "Ẹ jọ̀ọ́ ta ló jí." Ìyẹn nìkan. Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi ìpolówó aṣọ òkè ránṣẹ́. Lábẹ́ ìyẹn, kò sí nǹkan kan. Mo tẹ nọ́ńbà ẹni náà, ó dún títí, ó gé. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìkarùn-ún ó gbé e, a sì sọ̀rọ̀ títí ìrun àsùbáà. Ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́ báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, olùkọ́ fi ohùn ìṣẹ́jú mẹ́jọ rẹ̀ ránṣẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, torí kò tiẹ̀ rí i.

Kì í ṣe pé gbogbo gúrúùpù ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó kéré, èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá, tí olùkọ́ mọ orúkọ gbogbo wọn, tí wọ́n ń pàdé lórí Zoom tàbí ìpè WhatsApp lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ti gba nọ́ńbà ẹbí ẹnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn dáa gan-an. Ó wọ́n ju fídíò lọ, ó sì rọ̀ ju olùdámọ̀ràn ẹyọ kan lọ. Ẹni náà á gbọ́ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe. Àmọ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí òun ṣe ṣe ara òun léṣe nínú ẹgbẹ́. Ibi tí kò bá sí òfin yẹn, àwọn ọ̀dọ́ á máa kọ́ nǹkan míì lọ́dọ̀ ara wọn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wọn: "Bí ọmọ mi bá kọ̀wé sí yín ní aago kan òru pé òun fẹ́ kú, kí lẹ máa ṣe?" Ẹni tó mọṣẹ́ á sọ nọ́ńbà tó máa pè, á sọ ẹni tó máa kàn sí, á sì sọ láìfi bò pé òun kì í wà lórí ìlà lóru, nítorí náà ibi báyìí ni kí ẹ pè. Ẹni tó ní "a ó gbàdúrà", àdúrà dáa, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹlòmíràn kún un.

Olùdámọ̀ràn ẹyọ kan, lórí fóònù tàbí fídíò

Èyí ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ mi dáadáa jù. Bí ẹ ò bá wá, ẹnì kan á mọ̀. Á lè bá yín sọ Yorùbá bí ẹ bá yan ẹni tó gbọ́ ọ. Á rí i pé mímí kò bá yín lára mu, á fún yín ní òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ dín owó kù, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba owó tó kéré lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ṣeé ṣe, bóyá ìpè ohùn lásán tó. Ó sábà máa ń tó. Mo mọ ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ rárá bí fídíò bá wà ní títàn, tó wá ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko nígbà tí wọ́n pa á.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìṣòro rẹ̀. Ní apá Bàyékù àti Ìgbógbó tí mo mọ̀, ìpè lè gé lójijì, bó bá sì gé níbi tí ọmọ ti ń sunkún, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àdéhùn sílẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́: bó bá gé, olùdámọ̀ràn ló máa pè padà, lórí ìpè lásán tí kì í ṣe WhatsApp, láàárín ìṣẹ́jú méjì.

Ìpè ìrànwọ́, ilé ìwòsàn, àti ìwé kékeré kan

Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe kíláàsì, ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú àwọn ti òkè tó pé láìsí wọn. MANI, àjọ ìlera ọpọlọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ní àwọn olùyọ̀ǹda tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. SURPIN wà ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà, iṣẹ́ dídènà ìpara-ẹni ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ wá nọ́ńbà wọn lórí ìkànnì tiwọn, ẹ pè é lọ́sàn-án gangan kí ẹ mọ̀ pé ó ń lọ, kí ẹ tó fi pamọ́ sínú fóònù ọmọ. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp lè ti kú tipẹ́.

Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n ń ti ẹni tó gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ mọ́lé. Òfin àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún kan lọ fún un lóòótọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó yàtọ̀: ohun tó ní kí ilé ẹjọ́ ṣe ni kó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má torí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá jókòó sílé. Ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà, kó lè kọ ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá tàbí ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà bó bá yẹ. Mo mọ bí ọ̀nà Yábàá ṣe rí pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12. Lílọ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyókù di ti orí fóònù, ṣeé ṣe.

Ìwé kékeré tí mo ń sọ ni ètò ààbò tí Barbara Stanley àti Gregory Brown gbé kalẹ̀. Ohun mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀: àmì tó ń sọ pé ìgbì ti ń bọ̀, ohun tí mo lè dá ṣe, èèyàn àti ibi tó lè gbé ọkàn mi kúrò níbẹ̀, ẹni tí mo lè sọ fún, nọ́ńbà oníṣègùn, àti bí a ṣe máa kó ohun tó lè pani lára jìnnà sílé. Lọ́dún 2018, ìwádìí kan jáde lórí 1,640 èèyàn ní àwọn ilé ìwòsàn ológun-fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọ́n bá kọ ètò yìí, tí wọ́n sì ń pè lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n délé, ìwà àtipa ara wọn fi nǹkan bí ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ fi èyí wé ti 18,882 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kan, ẹnì kan ń pè.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tí kò ṣe ara rẹ̀ léṣe rí, tí kò sì ń ro ikú, ṣùgbọ́n tí gbèsè, ìdánwò tàbí ìfẹ́ ti ká lára, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fídíò àti ìwé Àjọ Ìlera, kó wá ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n á jọ máa dán an wò. Kò nílò kó náwó.

Ẹni tó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan: ilé ìwòsàn àti olùdámọ̀ràn ẹyọ kan ni, pẹ̀lú ètò ààbò tó ti wà lórí ìwé. Ẹgbẹ́ kékeré lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bí olùdámọ̀ràn bá ní ó ti yá. Fídíò àti áàpù di àfikún. Gúrúùpù elérò irínwó, rárá.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹ má jẹ́ kó dá forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ mọ̀, bó sì jẹ́ pé òbí gan-an ni ìṣòro náà, kó jẹ́ àǹtí, olùkọ́ tàbí ẹlòmíràn tó fọkàn tán. Ẹ má sì bẹ̀rù àtibi í léèrè tààrà bóyá ó ń ro àtikú. Ìbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn.

Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀: Jẹ́nẹ́rà, ìpè ìrànwọ́, àti ohùn tí a gbà sílẹ̀. Oníṣọ̀nà tàbí ọlọ́jà tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kó fo fídíò òyìnbó dá, kó wá olùdámọ̀ràn tó ń sọ Yorùbá lórí ìpè lásán. Olùkọ́ àti pásítọ̀ tó ń wá bí wọ́n á ṣe ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ibi tí fídíò ti wúlò jù lọ nìyẹn, torí ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ èèyàn tó dúró tì í.

Ní ti ìyá ẹlẹ́ja (ó ní kí n sọ ọ́, mo sì ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ wọ́n), Jẹ́nẹ́rà la kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà la mú olùdámọ̀ràn kan tó ń pè ní Tọ́sìdeè, aago mẹ́rin, ìpè ohùn. Ẹ̀yìn láàbù wa ni ọmọ náà máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Ètò ààbò rẹ̀ wà nínú ike fóònù, ó ká a ní mẹ́rin. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà ní ìlà kẹrin. Ìyá náà ti kọ́ mímí mẹ́rin-mẹ́fà, ó ní òun ń ṣe é nídìí ààrò, èéfín ni kì í jẹ́ kó pé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún pè mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá píọ̀ wọ́tà inú kúlà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ tàbí omi inú àmù náà lè ṣe é.